Ẹni Tí A Ò Tíì Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní mi ò lè jókòó kàwé fún àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí mo bá ń kàwé fún wọn, ẹsẹ̀ mi kì í dúró. Màá kà á láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, màá tún kà á láti ojú fèrèsé padà sẹ́nu ọ̀nà, àwọn náà á máa yí ọrùn tẹ̀lé mi bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Màmá àgbà, ta ló ń lé yín?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Láti kékeré ni ìdí mi kì í ti í gbé àga. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bí mi pàápàá, mi ò dúró kí agbẹ̀bí fọwọ́ tán. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà, ọdún tí Kúdí dé ilé wa ní Festac, tí àìfararọ yìí kúrò ní ti ẹsẹ̀ tó di ti ọkàn. Ọdún yẹn ni mo fẹ́ sọ, kí n tó tún dìde.

Fúlátì oníyàrá mẹ́ta ni a ń gbé, àwa la sì ni méjì nínú ẹ̀. Ariwo ló ń jí wa láràárọ̀. Ládánì á pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, kò ní tíì pè é tán tí bàkẹ́ẹ̀tì á ti máa lu àtẹ̀gùn, nítorí omi kì í gun òkè, ìsàlẹ̀ la ti ń pọn ọ́n. Láti ọ̀nà Mile 2, fèrè àwọn tírélà á máa dún wá, bẹ́ẹ̀ ni èmi á sì máa na etí bóyá ti bàbá mi wà nínú ẹ̀, bí ẹni pé fèrè ọkọ̀ jọ ohùn èèyàn. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ epo. Ní Satellite Town ni wọ́n ti ń rọ epo sínú ọkọ̀ fún un, ó sì lè tò sórí ìlà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó kọrí sí òkè Ọya. A kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ìyá mi, tí a ń pè ní Màmi, ń ta gàrí, ṣúgà, ẹ̀pà àti kúlíkúlí ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, àwọn awakọ̀ epo náà sì ni oníbàárà rẹ̀. Gàrí ni wọ́n ń mu lórí ìlà, kúlíkúlí ni wọ́n sì ń fi mu ún.

Yàrá kẹta jẹ́ ti Àǹtí Tíṣà, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò ní ọkọ, tí kò sì jọ pé ó ń wá a. Ìwé ló kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú páálí. Ó máa ń yá wa ní ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní fún wa ní òmíràn àfi tí ti àkọ́kọ́ bá padà sí ọwọ́ rẹ̀ láìlábàwọ́n. Á ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan lójú wa, á gbóòórùn rẹ̀ wò bóyá ó ń rùn bí epo. Mo bẹ̀rù obìnrin yẹn ju olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni a máa ń kàwé, kí Mọ̀gàríbì tó dé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ni àsìkò yẹn. Kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n òun ni tíṣà àgbà. Á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, á da ẹ̀wà sórí atẹ, a ó yí i ká. Ẹni kan á máa kàwé, àwọn yòókù á máa ṣa ẹ̀wà, tí ẹnu ẹni tó ń kà á bá ti gbẹ, á gbé ìwé fún ẹlòmíràn, á sì bọ́ sídìí atẹ. Òfin kan ṣoṣo ló wà. A kò gbọdọ̀ fi ìtàn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé Ìyá Àgbà béèrè pé, "Ta ni a ò tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀?" Nínú ìtàn, ó máa ń wà. Wọ́n lè sọ ti ọba kí wọ́n má sọ ti ìránṣẹ́ tó sun ẹran rẹ̀ jóná. Wọ́n lè sọ ti ọmọ tó sá nílé kí wọ́n má sọ ti ìyá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ dìde, kó gbẹnu sọ fún onítọ̀hún, kó sì pe ara rẹ̀ ní "èmi". "Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni," Ìyá Àgbà á wí. "Àgbà òṣìkà kì í sì í ṣèèṣì, láti kékeré ló ti ń kọ́ ọ." Àbúrò mi Múfú, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹran nìkan ló máa ń gbẹnu sọ fún. Bí ewúrẹ́ bá kọjá nínú ìtàn, ó ti dìde nìyẹn. "Èmi ni ewúrẹ́. Ebi ń pa mí. Ó tán." Èmi ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú ilé, nítorí ó fún mi láyè láti dìde. Mo máa ń rìn yí ẹní ká, màá sunkún, màá ju ọwọ́, Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín títí á fi bọ́ ìborùn nu ojú. Mo rò pé eré ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, débi tí màá mọ̀ pé mi ò tíì kọ́ ọ.

Kúdí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú ọkọ̀ epo bàbá mi, ó di báàgì Ghana-must-go mọ́ àyà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, láti Ìséyìn. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ò sì rọ́wọ́ mú un dání. Ọjọ́ orí kan náà ni èmi àti ẹ̀, ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi ní, "Sídí, ọmọ ìyá ẹ rèé," ó sì padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fi wá sílẹ̀ láti máa wo ara wa. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí èmi, Múfú àti Ìyá Àgbà ń sùn. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni kó máa gé ìwé ìròyìn tí Màmi fi ń di ẹ̀pà àti kúlíkúlí. Màmi máa ń ra ìwé ìròyìn àti ìwé àlòkù jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o kiri, Kúdí á jókòó láàárọ̀ kùtùkùtù, á fi ọ̀bẹ gé e ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, á tò ó dọ́gba. Kì í sọ̀rọ̀. Tó bá sì sọ̀rọ̀, èdè Òkè Ògùn rẹ̀ ni èmi àti Múfú máa ń sín jẹ. Mo rò pé kò lè pẹ́.

Àfi ìgbà tó kọ́kọ́ gbẹnu sọ. Ìwé tí Àǹtí Tíṣà yá wa nígbà náà jẹ́ ìtàn atukọ̀ kan tó ń gbé àwọn èèyàn kọjá lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, ẹrù oníṣòwò kan bómi lọ, gbogbo ìlú sì ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Atukọ̀ ò fèsì. Wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ di ọjọ́ ìdájọ́. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà béèrè ẹni tí a ò tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Mo ti ń múra àtidìde ṣe oníṣòwò, pẹ̀lú ẹkún àti gbogbo ẹ̀, nígbà tí Kúdí dáhùn láti ìdí atẹ. Kò dìde. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi ni ìyàwó atukọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, n ò sebẹ̀. Tí mo bá sebẹ̀, á dà bíi pé mo ti gbà pé òun ò ní bá mi jẹ ẹ́." Ẹ̀wà dúró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Kò rẹ́rìn-ín, kò nu ojú. Ó ní, "Ọmọ yìí ní ojú inú." Kò wí bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ju ọwọ́ tí mo ti ń sunkún yẹn, kò wí bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo jáde lọ pọn omi tí ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Láti ọjọ́ yẹn, Kúdí ni wọ́n ń wojú rẹ̀ tí àkókò bá tó. Ó wá ku ewé mẹ́ta kí ìwé parí. Ọjọ́ ìdájọ́ ló kù, níbi tí atukọ̀ á ti la ẹnu. Ìyá Àgbà dá wa dúró níbẹ̀, ó ní ó di ọ̀la, ó sì fi kún un pé, "Kí a tó ka ohun tí ó sọ, Kúdí á kọ́kọ́ gbẹnu sọ fún un, ká wò ó bóyá á bá ìwé mu." Mi ò sùn dáadáa. Ní kùtùkùtù, lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, mo mú ìwé náà lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ya ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ létí ẹ̀yìn ìwé, mo sì kì wọ́n sáàárín àwọn ìwé ìròyìn tí Kúdí fẹ́ gé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi wọ́n síbẹ̀. Ibẹ̀ ló sún mọ́ ọwọ́ mi jù. Ohun tí mo rò ni pé tí mo bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́, màá yọ wọ́n, ọjọ́ kan á ti kọjá láìsí Kúdí, ọ̀rọ̀ á tutù. Mo gbàgbé pé ìwé tó bá ti bọ́ sáàárín ìwé ìyá mi, ọjà ni.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ìdìpọ̀ náà ti lọ sí Ìjẹ̀gún. Mo wá abẹ́ àga, mo wá ilé ìdáná. Lẹ́yìn Àlàásárì, Múfú ṣí ìwé, ó ní, "Ó ti tán o," ó fi hàn wá. Àǹtí Tíṣà ń kọjá lọ ilé ìdáná, ó gba ìwé náà, ó fi ìka tọ́ ibi tí ewé ti ya, kò sọ ohun kan ju pé, "Mo ṣe yín ní oore." Bí Màmi ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bi í. Ó jókòó pátápátá. Ó ní òun rí ìwé funfun kan tó nípọn láàárín àwọn ìwé ìròyìn, òun tiẹ̀ yọ̀ pé kò ní tètè mu òróró. Òun ti fi di kúlíkúlí fún àwọn awakọ̀ tó ń lọ Kàdúná. Ẹnu atukọ̀ wa ti bá ọkọ̀ epo lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú Màmi yí sí Kúdí. "Èmi fúnra mi bá ọwọ́ ẹ láàárín ìwé yẹn láàárọ̀. O ń tú u kiri. Mo já a gbà lọ́wọ́ ẹ nítorí mo ti pẹ́. Kí lò ń wá níbẹ̀?" Kúdí wo ilẹ̀. "Kúdí, ṣé ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Kò fèsì. Màmi kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń tijú Àǹtí Tíṣà. Ó ní, "Ó dáa. Bàbá yín ń bọ̀ ní Sátidé. Á gbé ẹ padà sí Ìséyìn. Mi ò lè máa tọ́ ọmọ tó ń ba nǹkan oníǹkan jẹ́, tí kò tún ní la ẹnu."

Ọjọ́ Túsìdeè nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn di Jímọ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo pọn omi kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì, mo pọn fún Àǹtí Tíṣà, mo gbá àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Màmi ní, "Ẹ wo Sídí bó ṣe gbọ́n lójijì, ó ti rí i pé ìwà burúkú ò da nǹkan." Ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn korò lẹ́nu mi ju ewé dóńgóyárò lọ. Lójú Kúdí, mi ò rí ìbínú, ìyẹn ló tún jẹ́ kí ara mi má balẹ̀. Ó ń gé ìwé rẹ̀ bó ṣe ń gé e tẹ́lẹ̀. Lálẹ́, tí a bá jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán, á fọ abọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, á dà á dé. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmi, mo ní ẹ káàárọ̀, mo padà. Ní Tọ́sìdeè, mo dé ẹnu ọ̀nà, mi ò lè kí i pàápàá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Màmi kì í pẹ́ lọ́jà nítorí ìrun, gbogbo wa ló wà nílé. Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní bíi ti tẹ́lẹ̀, ó da ẹ̀wà sí atẹ. Múfú ní, "Ìyá Àgbà, a ò níwèé." Ó ní òun mọ̀. Ó ní, "Ilé yìí la máa kà lónìí." Ó sọ ìtàn náà bí ẹni pé ibi jíjìn ló ti ṣẹlẹ̀: obìnrin kan ń ta kúlíkúlí, ẹnì kan ní ìwé, ìwé ya, wọ́n ní ọmọ kan ló ya á, ọmọ náà máa lọ lọ́la. Ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. "Ta ni a ò tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀?" Múfú na ọwọ́ sí Kúdí. "Bí òun ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ta ló máa gbẹnu sọ fún un?" Màmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹnikẹ́ni ò wò mí. Mo dìde.

Mo ní, "Èmi ni Kúdí." Mo rò pé màá rìn yí ẹní ká bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀. "Èmi ni Kúdí. Èmi ni mo ń gé ìwé. Ẹní mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn." Nígbà náà ni mo wá ń rí i. Mo ní, "Mi ò tíì tú báàgì mi. Aṣọ kan ni mo máa ń yọ, tí mo bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, màá dá a padà síbẹ̀, màá fa zíìpù. Bàtà mi náà, inú báàgì ni mo máa ń fi í sí tí mo bá fẹ́ sùn, kò sí níbi tí ti Sídí àti ti Múfú wà. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n dúró dè mí." Láràárọ̀ ni mo ń rí bàtà yẹn tó ń jáde láti inú báàgì, oṣù mẹ́rin gbáko, mo rí i, mi ò rò ó. Àfi ìgbà tí mo pe ara mi ní Kúdí. Ẹkún dé, kì í ṣe irú èyí tí mo máa ń fi ṣeré. Mo ní, "Èmi ni Kúdí, èmi kọ́ ni mo ya ìwé. Sídí ló ya á. Ó yà á nítorí wọ́n ní mo ní ojú inú."

Mi ò ní fi ìyà tó tẹ̀lé e yọ yín lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo kọjú sí ògiri, mo na ọwọ́ sókè, èmi ni mo sì gé ìwé fún oṣù mẹ́ta. Màmi ò mọ bí àgbà ṣe ń bẹ ọmọdé. Ohun tó ṣe ni pé ó wọ yàrá wa, ó gbé báàgì Ghana-must-go yẹn, ó tú gbogbo ohun inú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ mi, ó sì fi báàgì náà kó gàrí lọ sí Ìjẹ̀gún. Kúdí ò ní báàgì mọ́. Nígbà tí bàbá mi dé ní Sátidé, ó bá gbogbo ilé ní ìdákẹ́jẹ́, ó bi wá pé ṣé kò sí o. Ìyá Àgbà ní kò sí, àwọn ọmọ ń kàwé ni. Àǹtí Tíṣà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bínú kó tó tún ṣí páálí rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tí atukọ̀ náà sọ fún wa, nítorí ó ti ka ìwé yẹn rí. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ya á, ẹ̀yin ni kí ẹ parí ẹ̀." Títí ọdún yẹn fi lọ, a ò yé parí ẹ̀. Kò sí ohun tí atukọ̀ yẹn ò sọ tán ní pálọ̀ wa. Nínú ti Múfú, ẹja ló jẹ́rìí fún un.

Kúdí ń gbé ní Àmúwò báyìí, nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kejì tí ọmọ-ọmọ mi bi mí léèrè ẹni tó ń lé mi. Ó jókòó, mò ń rìn. Mo bi í ní ohun tí mi ò bi í rí láti ìgbà náà, pé kí ló ń wá láàárín ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ewé ìwé yẹn ni mò ń wá," ó ní. "Mo rí ẹ nígbà tí o ń kì í bọ ibẹ̀. Mo fẹ́ dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Màmi ló já a gbà lọ́wọ́ mi."

Mo dúró. "O rí mi. O sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin."

"Àlejò ni mí, ọmọ onílé ni ẹ́. Ta ló máa gbà mí gbọ́?" Ó kán tíì rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò bóyá ó ti tutù. "Ìyẹn nìkan kọ́ ṣá. Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà máa béèrè. Mo rò pé tí wọ́n bá gbọ́ pé ìwọ ni, ìwọ ni a ò ní tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀, èmi ni wọ́n sì máa ní kí n gbẹnu sọ fún ẹ. Mo ń wá ohun tí màá sọ. Ọjọ́ mẹ́rin, mi ò rí i. Sídí, títí dòní, mi ò rí i. O sọ tèmi tán lọ́jọ́ yẹn. Tìrẹ ńkọ́?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Wọ́n ti fìyà jẹ mí, wọ́n ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí. Mo fa àga, mo jókòó. Mo sọ fún un pé kì í ṣe nítorí ojú inú. Mo ní ọjọ́ tí bàbá mi gbé e dé, tó ní ọmọ ìyá mi rèé, tó sì yí padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lóṣù ni mo ní bàbá mi. Mi ò mọ̀ bóyá á tó pín.